Ọwọ́ Géèjì Tó Ń Sùn

Tí wọ́n bá ní kí n sọ bí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ariwo rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ìpè ìrun àárọ̀ ló máa ń jí wa, láti mọ́ṣáláṣí tó yí wa ká, tí ohùn wọn kì í bára mu; ọ̀kan á ti fẹ́ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, garawa á kan etí kànga, gbàǹgà, Màmá Àgbà á sì fi ohùn oorun pariwo láti inú yàrá pé, “Ẹ rọra o, kànga ò sá lọ.” Lẹ́yìn garawa ló kan irin bàbá mi. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni bàbá mi ń ṣe, ojúde ilé ló sì ti ń gé páìpù, kí oòrùn tó mú, ayùn á máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti sọ tiwọn tán ni ọkọ̀ á wá húkọ́. Á húkọ́, á dákẹ́, á tún húkọ́, ìyá mi á sì ní, “Ẹ kú orí ire, bàbá ti jí,” bí ẹni pé àgbàlagbà kan ló sùn mọ́jú láàárín agbo ilé.

Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Bàbá àgbà mi ló rà á, òun ló sì fi í sílẹ̀ fún wa nígbà tó lọ. Àwọ̀ eérú ni, àfi ilẹ̀kùn kan tí wọ́n mú láti ara ọkọ̀ mìíràn, tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Géèjì tó yẹ kó máa sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà bí a ti ń tọ́jú ọmọ tí ibà ń ṣe la ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ náà. Bàbá mi á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á di ojú, á ronú. Màmá Àgbà, tó máa ń jókòó sẹ́yìn níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń gbé e jókòó, á máa fa imú. Tó bá ti ní, “Rasákì, mò ń gbóòórùn irin o,” bàbá mi á dúró lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kó jẹ́, kódà kó jẹ́ àárín ọjà. Omi ni iṣẹ́ tèmi. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo ń pọn láràárọ̀, ọ̀kan fún rédíétọ̀, èkejì fún bùùtù, tí a bá gbẹ lọ́nà. Mo kórìíra iṣẹ́ náà gan-an, nítorí kẹ́ẹ̀gì kejì jò, a sì máa rin mí ní ìtan, àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní mo tọ̀ sára. Nílé púlọ́ńbà! Bàbá mi ti fi iná lẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u.

Yàrá kan náà lèmi àti Bọ̀ọ̀dá Làtí ń sùn. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, Màmá Àgbà ló sì tọ́ ọ dàgbà nínú ilé wa, kò mọ ilé mìíràn. Ẹní rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀báléńdé ló ti ń kọ́ṣẹ́ rìwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, bó bá sì dé nírọ̀lẹ́, òórùn rọ́bà tó jóná ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kó tó wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín púpọ̀, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ níwájú bàbá mi àfi tó bá nídìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹ ẹ̀bà, ó dúró títí bàbá mi fi gé òkèlè mẹ́ta.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jí géèjì yẹn fún yín.”

“Géèjì wo?”

“Ti ọkọ̀, sà. Kó lè máa sọ fún yín tó bá fẹ́ gbóná.”

“Màmá ti ń sọ fún mi.”

Màmá Àgbà nu ẹnu. “Imú mi ti darúgbó, Rasákì. Ẹja tí mo ń jẹ yìí gan-an, mi ò gbóòórùn ẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kí ọmọ ṣe é.”

Báyìí ni Làtí ṣe dojú kọ ọkọ̀ bàbá àgbà mi ní Sátidé kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀ yẹn, kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ. Irin ni, ara rẹ̀ ní ilà yíyípo bíi ti bóòtù, wọ́n á yí i wọ ara ẹ́ńjìnnì níbi tí omi gbígbóná ń gbà kọjá, kó lè máa fi ara gbọ́ ohun tí omi ń sọ. Wáyà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Làtí fa wáyà tuntun láti ibẹ̀, ó gbé e gba ihò kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn géèjì. Gbogbo ibi tí wáyà náà bá kọjá ló ń fi téèpù dúdú dì í mọ́ra, ó rí nigínnigín bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Mo dúró tì í, inú mi ń dùn, torí mo ti ń rò ó pé tí géèjì bá jí, kẹ́ẹ̀gì mi á sinmi. Nígbà tó yí sẹ́ńsọ̀ náà wọlé tán, ẹ̀kán omi kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó ń jò,” bàbá mi sọ láti ìdí páìpù rẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe rí i láti ọ̀hún.

“Màá fún un si, sà.”

“Dúró ńbẹ̀.”

Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé kò lè rí omi tó ń jò kó gbójú kúrò. Bí a bá lọ kí ènìyàn tí ẹ̀rọ omi wọn ń kán, kò ní lè jẹun tí wọ́n gbé fún un. Á dìde, á bèèrè sípánà. Inú àpò rẹ̀ ni téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà máa ń wà, èyí tó rí bí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù kí omi má baà rí àyè. Ó ní kí Làtí yọ sẹ́ńsọ̀ náà, ó wé e, ó tún un wé, ó tún wé e lé e, títí ó fi funfun láti òkè délẹ̀. “Omi kì í jò nílé púlọ́ńbà,” ó wí. Mo rí i tí Làtí la ẹnu. Ó tún pa á dé. Mi ò rò ó sí nǹkan kan nígbà yẹn.

Wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ géèjì náà wà nísàlẹ̀, lójú ibi tí tútù wà, ọkọ̀ náà sì tutù lóòótọ́, kí la tún ń wá? A pàtẹ́wọ́. Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé orí Làtí, ó ṣàdúà fún un títí àdúà fi kan àwọn tí wọn ò tíì bí. Orí ẹja ni Làtí jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, orí ẹja tí kì í kúrò nínú abọ́ bàbá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì bàbá mi ní, “Wàídì, fi omi yẹn sílẹ̀. Géèjì á sọ fún wa.”

A ń gbé Màmá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ni. Orí afárá la wà tó ti ní, “Rasákì, mò ń gbóòórùn irin.”

Bàbá mi wo géèjì. “Ó tutù, Màmá.”

“Mo ní mò ń gbóòórùn irin.”

“Màmá, ẹ wò ó fúnra yín. Ó ń sùn ni.”

Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi bo gbogbo iwájú wa. Bàbá mi gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, omi tó ń hó fọ́n sí i lápá, ó fò sẹ́yìn. Kò sí omi ní bùùtù. Màmá Àgbà sọ̀kalẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ ìborùn rẹ̀, àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá dúró, ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń hó, ó ní, “Bàbá, ẹ sọ iná kalẹ̀, ẹ̀wà yín ti jinná o!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ra omi lọ́wọ́ ẹni tó fi í ṣẹ̀sín. Mi ò tíì rí i kó rí bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ra ọkọ̀ yẹn, wọn ò sọ Màmá kalẹ̀ nínú ẹ̀ lójú títì rí.

Nígbà tí a délé, Làtí ò dúró kí wọ́n pe òun. Ó yọ wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, ó fi ẹnu wáyà kan ara irin ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ géèjì fò sókè bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. “Wáyà ò lẹ́bi, Bàbá. Ẹ wò ó.” Bàbá mi ní, “Tí wáyà ò bá lẹ́bi, ta ló lẹ́bi?” Làtí wo sẹ́ńsọ̀, ó wo apá bàbá mi tí omi gbígbóná jó, tí wọ́n fi òróró pa, ó ní bóyá sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ó wá òmíràn rí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kó tó yí i wọlé, bàbá mi ti gbà á, ó ti wé e. Wọ́n dá iná sí ọkọ̀, ó ṣiṣẹ́ títí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ṣe é fọwọ́ kàn. Ọwọ́ géèjì sùn síbẹ̀.

“Ó tó,” bàbá mi sọ. Àwọn ará ilé ti yọjú ní fèrèsé. “Ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ bàbá mi mọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Kí lo wá ń kọ́ ní Ọ̀báléńdé láti ọjọ́ yìí? Bí wọ́n ṣe ń jẹun?”

Tèmi ló tún burú. Inú ń bí mi nítorí kẹ́ẹ̀gì tó padà sọ́rùn mi, ẹnu mi sì yá. Ọjọ́ kejì, bí Làtí ṣe ń wọlé bọ̀, èmi ni mo pariwo pé, “Rìwáyà Òkùnkùn! Ibi tó bá fọwọ́ kàn, iná á kú!” Àwọn ọmọ ilé gbà á bí orin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló kó aṣọ sínú báàgì ọ̀rá, ó sọ fún Màmá Àgbà pé òun á máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun kí iṣẹ́ lè yá. Màmá bi í pé títí di ìgbà wo. Làtí ká ẹní rẹ̀, ó fi í ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó lọ. Mi ò kàwé jìnnà, kíláàsì kẹta girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, mi ò sì mọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti dàgbà ju bí Làtí ṣe wà nígbà yẹn lọ báyìí, tí mo bá sì rántí ẹ̀rín díẹ̀ yẹn, mo máa ń gbé oúnjẹ tì.

Màmá Àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bó ṣe ń bu oúnjẹ ló ń bu ti Làtí sínú abọ́ rẹ̀, á dé e, á gbé e ti ẹní tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi kọjá títí, ó sú u. “Màmá, ta ló ni abọ́ yìí?”

“Ẹni tó ni ẹní.”

“Ẹni tó ni ẹní ò sí nílé.”

“Ṣé èmi ni mo lé e?”

Bàbá mi kọjá lọ. Ayùn rẹ̀ ké fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí páìpù tó gé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì Màmá di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n gbé e lọ Ọ̀báléńdé. “Sọ fún un pé kó wá yọ irin rẹ̀ lára ọkọ̀ ọkọ mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ so, ọwọ́ ẹ̀ náà ló ń tú u.” Ó sọ ọ́ sókè kí bàbá mi lè gbọ́. Bàbá mi ní, “Ẹ̀n, kó wá yọ ọ́, kó máa lọ.”

Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti bá Làtí, ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó jáde, ó nu ọwọ́, ó jókòó sórí táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àkàrà bí ẹni tí ò rí oúnjẹ ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Mo jíṣẹ́ Màmá fún un. Ó mi orí.

“Kí lẹ̀ ń pè mí nílé báyìí?”

“A ò pè yín ní nǹkan kan.”

“Wàídì.”

“Rìwáyà Òkùnkùn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi fẹ́ há a. “Orúkọ yẹn dùn o. Ìwọ lo rò ó?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó má bínú. Ó fún mi ní àkàrà kan, ó ní, “Jẹun jàre. Ta ló ń pọnmi báyìí?” Ojú rẹ̀ ò bá mi jà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń lọ, ó bi mí bóyá ẹlòmíràn ti ń sun orí ẹní òun. Mo ní Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ó dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi ń wo páìpù, ó ní, “Pẹ̀lẹ́.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Àgbà ti ní kí n gbé àpótí òun sún mọ́ ọkọ̀, ó jókòó, ó ń rin pákò. Làtí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà, ó gbé abọ́ sábẹ́, ó tú sẹ́ńsọ̀ náà jáde, ó gbé e lé orí bébà. Màmá yọ ọrùn wo inú ẹ́ńjìnnì, ó tún wo orí bébà.

“Làtí, kí nìyí níbí? Ó jọ èyí tí o yọ.”

“Ti òróró ẹ́ńjìnnì nìyẹn, Màmá. Òun ló ń tan iná pupa tí òróró bá dín.”

“Ṣé tòun ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, mà.”

“Kí wá ló dé tí èyí tó wà lórí bébà wé láwàní bí Alájì, tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣí orí sílẹ̀?”

Ayùn bàbá mi dúró. Làtí tẹjú mọ́lẹ̀. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá Màmá kàn bèèrè ni, tàbí ó ti rò ó dé òpin kó tó gbé àpótí. Bàbá mi gbé páìpù sílẹ̀, ó wá dúró ti bébà náà.

“Wáyà kan ṣoṣo yẹn, kí ló wà fún?”

“Iná ló ń gbà á wọlé, sà.”

“Ibo ló ń gbà jáde?”

Làtí fa ìmí. “Ara irin, sà. Ibi tí irin rẹ̀ ti fara kan irin ẹ́ńjìnnì.”

Bàbá mi mú sẹ́ńsọ̀ náà, ó wo funfun tó wé mọ́ ọn yíká. “Ọ̀rá sì ni téèpù, iná kì í gba inú ọ̀rá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O mọ̀?”

“Mo fura, sà.”

“O sì dákẹ́. Mo lé ẹ, o dákẹ́.”

“Ẹ̀yin ni púlọ́ńbà, Bàbá. Ṣé èmi ni mo máa sọ fún yín pé ẹ má wé e?”

Bàbá mi jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi èékánná àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí téèpù náà, díẹ̀díẹ̀, ó ń yọ ọ́ nínú gbogbo ilà rẹ̀, títí irin náà fi ń dán. Ó nà án sí Làtí. “Dá a padà.” Làtí yí i wọlé, ó so wáyà. Ẹ̀kán omi kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó já bọ́. Òmíràn yọ.

“Ó ń jò, Bàbá.”

“Jẹ́ kó jò.”

Màmá Àgbà yọ pákò lẹ́nu. “Háà! Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ gbọ́?”

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wọ inú ọkọ̀, ó dá iná sí i. Ó húkọ́, ó dákẹ́, ó tún húkọ́, ó gbà. Mo rọ orí wọlé ní fèrèsé, Làtí wà ní fèrèsé kejì, géèjì la jọ ń wò. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi, kì í ṣe nítorí kẹ́ẹ̀gì mọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan tún máa hanrun lẹ́bàá ògiri. Ọwọ́ géèjì gbọ̀n. Ó gbéra nílẹ̀. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ojú bó ti máa ń ṣe, ó ronú, ó tún padà lọ wo géèjì. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sọ àti ohun tí géèjì sọ bára mu. Ó gbójú sókè.

“Àkànní,” ó pè é.

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi rí. Màmá Àgbà nìkan ló ń fi oríkì pe Làtí, òun náà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí ara ọmọ náà ò bá yá. Màmá máa ń sọ fún wa pé àgbà ò mọ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, oríkì ló fi ń tọrọ àforíjì. Làtí dáhùn pé, “Sà.” Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Ọ̀báléńdé, ó sì kọ RÌWÁYÀ ÒKÙNKÙN gàdàgbà sára pátákó rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó pa á rẹ́. Ó ní èmi ni mo sọ òun lórúkọ, ṣé wọ́n máa ń gba orúkọ padà ni? Ara máa ń tù mí tí mo bá rí àwọn oníbàárà tó ń bèèrè ọ̀nà ibẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ojú sì tún máa ń tì mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, kò sí ẹni tó bi Làtí bóyá ó ń padà wálé. Bàbá mi padà sídìí páìpù rẹ̀. Làtí mú sípánà, ó fún sẹ́ńsọ̀ náà díẹ̀ sí i, omi náà ò jò mọ́. Màmá Àgbà dìde lórí àpótí, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Wàídì, kí lò ń wò? Gbé ẹní ẹ̀gbọ́n ẹ jáde kó gba oòrùn, ó ti pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Mo sáré. Mo gbé e jáde, eruku rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, mo sì wá ibi tí mo máa tẹ́ ẹ sí nínú agbo ilé tó kún fún páìpù. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni mo tẹ́ ẹ sí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, kò gbóná jù, ó kàn tó bó ṣe yẹ.